Oníbàárà Tó Lè Sọ Pé Rárá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láàárọ̀ yìí kan àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi tó ń ṣe iṣẹ́ kóòṣì. Kì í ṣe ti pápá bọ́ọ̀lù o. Àwọn tí mò ń wí ni àwọn tí í jókòó ti ènìyàn, tí wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, tí wọ́n á sì máa bá a rìn títí tí yóò fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń lọ. Àwọn kan ń ṣe é lórí ìgbéyàwó, àwọn kan lórí iṣẹ́, àwọn mìíràn lórí owó tàbí ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ti pọ̀ nílùú. Ẹ ó rí wọn lórí Facebook, ẹ ó rí wọn lórí WhatsApp, ẹ ó sì bá wọn lórí ìjókòó kan náà nínú ìjọ. Ìbéèrè tó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kàn ni pé: báwo ni mo ṣe máa rí oníbàárà láì tàbùkù sí ìgbàgbọ́ mi?

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Ọ̀nà yòówù kí ẹ fi wá oníbàárà, bí ó bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni náà láti sọ pé rárá láìbẹ̀rù àti láìtijú, ọ̀nà náà bá ìgbàgbọ́ mu. Bí ó bá gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà ì báà wà nínú rẹ̀, omijé ì báà wà nínú rẹ̀, kò bá ìgbàgbọ́ mu. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹnu yẹn ni kóòṣì tó jẹ́ onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ dì fún ọmọ ẹlòmíràn.

Inú Ìwé Mímọ́ ni mo ti mú un. Ẹ ṣí ìwé Máàkù, orí kẹwàá. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan sáré tọ Jésù wá, ó kúnlẹ̀, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe kí òun lè ní ìyè àìnípẹ̀kun. Jésù wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ ohun tó kù fún un láti ṣe. Ojú ọkùnrin náà fà ro, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jésù kò sáré tẹ̀ lé e. Kò dín ohun tó sọ kù kí ó má bàa pàdánù rẹ̀. Kò sọ pé bó bá fi lè lọ, ohun burúkú ń dúró dè é níwájú. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ.

Nínú orí kan náà, lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Jẹ́ríkò, Bátíméù afọ́jú ń ké pe Jésù. Gbogbo èrò ló mọ̀ pé afọ́jú ni. Síbẹ̀ nígbà tó dé iwájú Jésù, ìbéèrè ló kọ́kọ́ gbọ́: kí ló fẹ́ kí Olúwa ṣe fún òun? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó tiẹ̀ mọ èyí tí inú ń run tún béèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Àwa tí a kò mọ̀, kí ló dé tí a fi máa ń sọ àrùn tó ń ṣe ènìyàn kó tó la ẹnu?

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àṣìṣe ṣe máa ń wọlé. Ẹ fọkàn yàwòrán olùkọ́bìnrin kan. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, arábìnrin kan tó ń ṣe kóòṣì ti kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹ̀mí Mímọ́ gbé yín sí mi lọ́kàn láàárọ̀ yìí. Ó fi hàn mí pé ilé yín wà ní oríta. Mo ní ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan. Èèyàn méjì péré ló kù tí mo lè gbà, alẹ́ òní ni màá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àkókò ìbẹ̀wò yín kọjá o.”

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ó tọrọ àdúrà, ètò olówó ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló rán iṣẹ́ náà. Bí olùkọ́ yìí bá wá sọ pé rárá, ta ló sọ ọ́ fún? Ṣé arábìnrin yẹn ni àbí Ọlọ́run? Wọ́n ní èèyàn méjì ló kù. Ta ló kà wọ́n? Bí kò bá sí òǹkà tòótọ́ nídìí rẹ̀, irọ́ ni, òun sì ni òṣùwọ̀n èké tí ìwé Òwe sọ pé Olúwa kórìíra. Wọ́n ní alẹ́ òní. Ìyẹn ni pé kí ó má ráyè bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má ráyè wo àpò owó, kí ó má ráyè sùn lé e lórí. Gbogbo ilẹ̀kùn tí obìnrin yìí ìbá gbà jáde ni wọ́n ti tì. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà pàápàá kà á léèwọ̀ kí oníṣòwò máa fi ọ̀rọ̀ èké polówó ọjà. Bí ìjọba bá rí i pé kò dára, kí ni onígbàgbọ́ yóò wí?

Kí ló yẹ kí arábìnrin yẹn kọ? “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Mo ti ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin. Ẹ kú ìfaradà o.” Ó tán. Bó bá tún lè gbé kóńgò ìrẹsì kan dání lọ kí wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ dúró síbẹ̀ títí di ìgbà tí olùkọ́ náà bá béèrè.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ̀yin lẹ̀ ń wí, ebi á wá pa mí.” Rárá o. Ọ̀nà wà, ẹ jẹ́ ká rìn ín papọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mú irú ènìyàn kan pàtó. Kóòṣì tó bá ní òun ń ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n dé ibi ògo wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rántí rẹ̀ nígbà tí ìṣòro bá dé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn ìfẹ̀yìntì ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ yìí máa ń fẹ̀yìn tì tó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ti olùkọ́ ti yàtọ̀ láti 2022 tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti sún un sí ọmọ 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì sì ti yí padà láti ìgbà tí òfin ọdún 2004 ti dé, tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ ń dá owó pamọ́ lóṣooṣù; wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2014. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Agodi n'Íbàdàn fún ọgbọ̀n ọdún, tó mọ bí fáìlì ṣe ń rìn, tó mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì bá dé tábìlì ènìyàn, ó ní ohun tó lè fi bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jókòó. Bó bá sọ pé, “Mo ń bá àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe gbé ayé wọn lẹ́yìn rẹ̀,” kíá lọkàn ẹni tó gbọ́ ọ á lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, màmá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Báyìí ni oníbàárà ṣe ń wá láì sí ariwo.

Èkejì, ẹ lọ síbi tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹ fún wọn ní ohun tó wúlò kí ẹ tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìpàdé ẹgbẹ́ olùkọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà kan wà, ẹgbẹ́ bàbá ìjọ àti ẹgbẹ́ màmá ìjọ wà. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìpàdé. Ẹ fi wákàtí kan sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sọ ọ́ débi pé ẹni tí kò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ yín láé á ṣì lọ sílé pẹ̀lú èrè. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ má gbé ìwé kiri kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn bí ẹni pé ẹ fẹ́ mọ iye ènìyàn tó wá, nígbà tó jẹ́ pé ìpolówó lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì, pàápàá nínú ìjọ. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ìjọ, nítorí ìjọ ni àwọn ènìyàn ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: kí wọ́n lè bẹ̀ wọ́n wò bí ara wọn kò bá yá, kí wọ́n lè pè wọ́n sí ìsìn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé ohun tí a torí rẹ̀ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn ni kí a lò ó fún. Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, tó wá ń fi ìwé náà wá oníbàárà, ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì ti ṣẹ̀ sí àwọn ará.

Ẹ̀kẹta, ìjókòó àkọ́kọ́. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibí ni iṣẹ́ ti ń di iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ló ń fún ènìyàn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan ló wá, olùkọ́ àgbà tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Kóòṣì kí i, ó fún un ní omi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ lónìí, bàbá. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, kí lẹ fẹ́ kó ti yàtọ̀ nílé yín?” Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó: ilé tí kò tíì parí, ọmọ tó kù ní yunifásítì. Kóòṣì kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún béèrè, “Kí ló kù, sà?” Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ká má parọ́, mi ò mọ ohun tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ fẹ́ máa bá ara wa sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.” Ọ̀rọ̀ dé! Ìwé Òwe kan náà fi ìmọ̀ inú ọkàn ènìyàn wé omi jíjìn tí olóye á fà jáde. Ìbéèrè àti sùúrù la fi ń fà á. Ẹni tó ti kó ìwé ètò rẹ̀ jáde nígbà tí bàbá ṣì ń sọ ti ilé tí kò parí, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láéláé.

Nígbà tí ìjókòó bá ń parí lọ, kóòṣì á sọ ohun tó gbọ́, á sọ bí òun ṣe lè bá bàbá ṣiṣẹ́, á sọ iye ìgbà tí wọn á pàdé, á sì sọ iye owó rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Kò sí “àmọ́ nítorí pé ẹ̀yin ni.” Kò sí ẹ̀dínwó tó máa parẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Á ní, “Ẹ lọ rò ó, sà. Ẹ bá màmá sọ ọ́, ẹ gbàdúrà sí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pè mí. Bó bá jẹ́ rárá náà, ẹ sọ fún mi, kò ní nǹkan kan nínú.” Bí bàbá náà bá sì sọ pé rárá, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí kóòṣì dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i. Ọjọ́ yẹn ni a ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni àyè wà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan rò pé kóòṣì tó jẹ́ onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ gba owó rárá, pé ọ̀fẹ́ la gbà á, ọ̀fẹ́ la gbọ́dọ̀ fi fúnni. Ìhìn rere lọ̀fẹ́. Àdúrà lọ̀fẹ́. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kọ àdúrà mọ́ owó tí oníbàárà máa san. Ṣùgbọ́n àkókò, ẹ̀kọ́ tí a sanwó kọ́, iṣẹ́ tí a fi ọgbọ́n ṣe, Olúwa fúnra rẹ̀ sọ pé owó iṣẹ́ tọ́ sí òṣìṣẹ́. Ibi tí ewu wà ni kí a da méjèèjì pọ̀. Ẹ rántí Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì Èlíṣà. Èlíṣà ti kọ ẹ̀bùn Náámánì, ọ̀gágun tó rí ìwòsàn gbà nípasẹ̀ rẹ̀. Géhásì sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó ní ọ̀gá òun ló rán òun, ó béèrè tálẹ́ńtì fàdákà kan àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. Náámánì ní kó gba tálẹ́ńtì méjì. Kí ló dé tí Náámánì kò jà á níyàn? Nítorí ó rò pé Èlíṣà ló ń béèrè ni, Èlíṣà tí Ọlọ́run rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo òun sàn. Ta ni yóò sọ pé rárá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Orúkọ ọ̀gá ni Géhásì fi gba owó. Kóòṣì tó ń fi orúkọ Ọlọ́run ti ọjà rẹ̀ lẹ́yìn, ojú ọ̀nà Géhásì ló wà.

Ẹ kọ iye owó yín sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ iye kan náà fún olówó àti fún ọ̀rẹ́ olówó. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé: iye ìgbà tí ẹ máa pàdé, iye owó, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ dá a dúró láàárín, àti pé ohun tó bá sọ fún yín, etí yín ló kú sí. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kí ẹ ṣí àkántì fún un, kí owó iṣẹ́ má bàa dà pọ̀ mọ́ ìdámẹ́wàá tàbí owó oúnjẹ. Ní ti àwọn tí kò lówó, òfin Mósè ní kí olóko má kórè dé igun oko rẹ̀, kí tálákà lè rí nǹkan ṣà. Bẹ́ẹ̀ ni Rúùtù ṣe dé oko Bóásì. Ẹ pinnu igun oko tiyín kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀: ènìyàn kan, ènìyàn méjì, tí ẹ máa gbà láìgbowó. Bó bá ti kún, ẹ sọ ọ́ pé ó ti kún. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú àánú á mú un ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ títí tí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí àwọn tó ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tàbí díákónì, tí ẹ tún ń ṣe kóòṣì, ẹ gbọ́ èyí o. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún yín gẹ́gẹ́ bí bàbá nínú Olúwa, tí ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ rẹ̀ jáde, tí ẹ̀yin lẹ máa so ọmọ rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, báwo ló ṣe máa sọ pé òun kò ra ètò yín? Kò ṣeé ṣe fún un. Nítorí náà, ẹ má ta á fún un. Ẹ tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́-àgùntàn, láìgbowó. Bó bá nílò kóòṣì, ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ má sì gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ darí rẹ̀ sí. Bákan náà, kóòṣì tó wà nínú ìjọ, ẹ má bẹ pásítọ̀ kó polówó yín láti orí pẹpẹ. Ohun tó bá ti orí pẹpẹ wá, àṣẹ ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mi ò bá yín ṣeré. A ti rí ohun tí ìfọkàntán láàárín ara wa lè dà. Ní 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó owó sínú MMM, ètò tó ṣèlérí èrè ńlá lórí owó, nítorí ẹni tí wọ́n mọ̀ ló pè wọ́n: ọ̀rẹ́, ìbátan, ará ìjọ. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé owó kò ní ṣeé gbà mọ́ fún ìgbà kan, ẹkún sì sọ nílé púpọ̀. Ẹni tó bá ń ta nǹkan fún ará ìjọ lónìí, orí ọgbẹ́ yẹn ló ń rìn. Kó rọra.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òótọ́ nínú ìpolówó. Iṣẹ́ kóòṣì kò ní ìwé àṣẹ ìjọba nílẹ̀ wa bíi ti dókítà tàbí lọ́yà. Ẹnikẹ́ni ló lè jí láàárọ̀ kó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Àjọ àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní International Coaching Federation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Ìpele mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí tirẹ̀: àkọ́kọ́ ń béèrè pé kí ènìyàn ti bá oníbàárà ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 100, ìkejì 500, ìkẹta 2,500, yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tó kọ́. Bí ẹ bá ní in, ẹ sọ èyí tí ẹ ní. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ sọ ohun tí ẹ kọ́ àti ibi tí ẹ ti kọ́ ọ. Ẹni tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, kó sọ pé ọjọ́ méjì ni. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kóòṣì kì í ṣe ọjà ọjọ́ kan. Ẹni tí ẹ fi òótọ́ bá lò lónìí ló máa mú àbúrò rẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀rí oníbàárà náà ńkọ́? Tirẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ má kọ ìtàn ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni sórí Facebook, kódà bí ẹ bá yọ orúkọ kúrò, láìjẹ́ pé ó kà á, ó sì fọwọ́ sí i. Ìlú wa kéré ju bí a ṣe rò lọ. Tí ẹ bá ti ní “ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánádà,” àwọn aládùúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì fi ẹ̀dínwó ra ẹ̀rí lẹ́nu ènìyàn.

Ó tún ní irú oníbàárà tó yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé rárá fún. Bí ẹnì kan bá jókòó níwájú yín, tó ní òun kò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ní ayé ti sú òun, kì í ṣe ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ló nílò. Dókítà ló nílò. Ilé ìwòsàn Arò wà l'Ábẹ́òkúta láti 1954, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi han gbogbo ayé pé a lè tọ́jú àìsàn ọpọlọ láàárín ẹbí àti ará àdúgbò. Ti Yábàá wà l'Ékòó, ilé ìwòsàn UCH wà n'Íbàdàn. Ẹ mú un lọ, tàbí kí ẹ pe ẹbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà bó bá ti san. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ibi tí yóò ti rí ààbò ló kọ́kọ́ nílò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni kún un. Nílẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń bẹ nínú ilé kan náà, wọ́n ń jẹ ọdún ara wọn. Oníbàárà yín lè jẹ́ Alhaja. Ẹ sọ ìgbàgbọ́ yín ní gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, kó mọ ẹni tó ń bá jókòó, kó sì lè yàn. Lẹ́yìn náà, ẹ sìn ín tọkàntọkàn. Ẹ má fi àdúrà ká a mọ́. Bó bá ní kí ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á fún un nílé yín.

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì gbé gbogbo èyí dúró. Ebi ni í sọ olóòótọ́ ènìyàn di ẹni tó ń fi “èèyàn méjì péré ló kù” bẹ ènìyàn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, ọ̀dọ̀ Ákúílà àti Pírísílà ló wọ̀ sí, nítorí iṣẹ́ àgọ́ pípa ni gbogbo wọn ń ṣe. Ó ń pa àgọ́, ó sì ń wàásù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì, kó má tíì fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀. Kó máa rán aṣọ, kó máa kọ́ ọmọ níwèé, kó máa lọ ọ́fíìsì, kó fi ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe kóòṣì, títí tí iye àwọn tó ń wá fúnra wọn á fi tó gbé e. Ẹni tí owó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ̀ nìkan ló lè sọ fún un láìfòyà pé, “Ẹ lọ rò ó.”

Ẹ̀yin tí wọ́n ń polówó kóòṣì fún, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ibo lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Mélòó ni gbogbo owó rẹ̀? Bí mo bá dá a dúró láàárín, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ta ló máa gbọ́ ohun tí mo bá sọ fún ọ? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin kóòṣì, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ mú ìpolówó tí ẹ kọ kẹ́yìn jáde. Ẹ kà á bí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ wá ibi tó ti lè sọ pé rárá láì sí ẹ̀rù, láì sí ìtìjú, láì rò pé òun kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bí ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ.